Ta Ni Yóò San Owó Orí Ilé Tí A Tà?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò ni ọ̀rọ̀ owó orí tí ó rọ̀ mọ́ ilé àti ilẹ̀ títà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún gbọ́ létí. Ẹni tí ó ń ta ilé kì í fẹ́ gbọ́ ọ nítorí pé ọkàn rẹ̀ wà lára owó tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ń rà á náà kì í fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí pé ó ti tọrọ, ó ti yá, kí ó tó rí owó náà kó jọ. Alágbàtà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní í dá a sílẹ̀, kí ọjà má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Báyìí ni gbogbo wọn yóò ṣe fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ilé yóò fi di títà, tí owó yóò sì ti fọ́n ká: a ti fi ṣe ìnáwó òkú, a ti fi rán ọmọ lọ sí òkè òkun, a ti fi ra mọ́tò. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ẹni tí ó ra ilé yóò wá gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba òǹtẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti bi í pé, “Owó orí èrè tí ẹni tí ó tà á fún ọ jẹ dà?” Ìjà dé nìyẹn.

Ó dára kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò, nítorí pé láti inú èdè ni apá kan nínú àṣìlóye tí ó wà nílẹ̀ ti wá. ‘Owó orí’ ni Yorùbá ń pè é. Ohun tí àpólà yìí ń sọ ni pé orí ni a ń kà, pé bí ènìyàn bá ti ní orí lọ́rùn, ó jẹ owó. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ẹ̀gbá tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn ní ọdún 1918 nínú Ogun Àdùbí. Òun náà ni ó wà lára ohun tí ó lé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde ní ọdún 1947, tí wọn kò sì sinmi títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Òun kan náà ni ó gbé àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní ọdún 1968 àti 1969. (Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni a ń lò fún owó tí a ń san lórí ìyàwó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ìjọba.) Nítorí ìtàn gígùn yìí, bí a bá sọ fún ènìyàn pé owó orí wà lórí ilé tí ó tà, ohun tí ó máa ń rò ni pé ìjọba fẹ́ bu ti ara rẹ̀ nínú gbogbo owó tí òun rí gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó orí yìí kì í ṣe ti orí, kì í sì í ṣe ti ilé. Ti èrè ni. Ẹni tí ó tà tí kò jèrè kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tí ó tà tí ó sì jèrè, orí èrè náà nìkan ni a ó ti ṣírò ohun tí ó jẹ.

Láyé àtijọ́, kò sí ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò fi wà, nítorí pé ilẹ̀ kì í ṣe ọjà. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko yóò máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, bí ó sì gbé e wá fún ogójì ọdún, kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Ilẹ̀ títà bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn ọdún 1861 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà, tí àṣà fífi ìwé jẹ́rìí sí ilẹ̀ sì wọlé dé. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1967, ilẹ̀ àti ilé ti di ohun tí ènìyàn ń rà láàárọ̀ tí ó ń tà ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lè rí èrè. Ọdún náà ni ìjọba ológun ṣe òfin owó orí èrè orí dúkìá, tí ó ní kí ẹni tí ó bá tà máa san ìdá 20 nínú 100 èrè rẹ̀ fún ìjọba. Láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́n dín in kù sí ìdá 10 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òpin ọdún 2025. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, tí ó sì yí ọ̀nà ìṣirò náà padà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ní ọdún 2010 ni bàbá yìí ra ilẹ̀ kan sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ní ₦1,500,000. Ó san ₦250,000 fún agbẹjọ́rò àti fún sọ̀fíyọ̀ tí ó ya àwòrán ilẹ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù àti owó àjọ ṣe ń bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi ₦9,250,000 kọ́ ilé sí orí ilẹ̀ yìí, ó sì kó ayálégbé sí i. Ní ọdún 2024, nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé wàhálà ayálégbé mọ́, ó tà á ní ₦40,000,000. Alágbàtà gba ₦2,000,000 nínú rẹ̀, agbẹjọ́rò náà gba ₦2,000,000.

Ní ojú àwọn ará àdúgbò, bàbá ti rí ogójì mílíọ̀nù. Ní ojú òfin, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ní kí á yọ iye tí ó fi ra ilẹ̀ kúrò, kí á yọ owó agbẹjọ́rò àti ti sọ̀fíyọ̀ tí ó ná nígbà tí ó ń rà á, kí á yọ owó ilé kíkọ́, kí á sì tún yọ owó tí ó ná kí ó tó lè tà á. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦15,000,000. Èrè rẹ̀ wá ku ₦25,000,000. Ìdá 10 nínú 100 rẹ̀, tíí ṣe ₦2,500,000, ni ohun tí ó jẹ ìjọba. Àtúnṣe tí ó bá mú kí iye orí ilé náà ga sí i, irú bíi kí ó fi òkè kan lé e tàbí kí ó mọ ògiri yí i ká, wà lára ohun tí à ń yọ. Ọ̀dà tí a fi kùn ún nígbà tí ti àtijọ́ ṣí kò sí lára rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú lásán ni ìyẹn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ìdí ₦9,250,000 tí bàbá náà fi kọ́lé múlẹ̀? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́lé rí ni ó mọ bí ó ti ń rí. A ra yanrìn lọ́wọ́ onítípà tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. A san owó fún bíríkìlà lábẹ́ igi ní ọjọ́ Sátidé. Káfíńtà gba àsansílẹ̀, ó sá lọ, a tún wá òmíràn. Rìsíìtì sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí ó wà, ikán ti jẹ ẹ́ nínú àpótí, èyí tí ikán kò sì jẹ, yíǹkì rẹ̀ ti parẹ́. Bí bàbá yìí kò bá rí ẹ̀rí kankan fi han àwọn agbowó-orí pé òun ná owó náà, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Nígbà náà, ohun tí yóò lè yọ kò ní ju ₦5,750,000 lọ. Èrè rẹ̀ yóò di ₦34,250,000 lórí ìwé, owó orí rẹ̀ yóò sì di ₦3,425,000. Ìyàtọ̀ ₦925,000 ni ìwé tí ó sọnù dá sílẹ̀. Ìjọba kò fi owó kún owó orí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kò pa ìwé mọ́.

Ó yẹ kí á tún sọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi bàbá. Àpò sìmẹ́ńtì tí a ń rà ní nǹkan bí ₦2,000 ní ọdún 2010 ti ju ₦7,000 lọ ní ọdún 2024. Bí olùkọ́ yìí bá gba ₦40,000,000 náà tán tí ó ní kí òun tún kọ́ irú ilé kan náà sí orí irú ilẹ̀ kan náà, ó ṣeé ṣe kí owó má tó o. Apá kan nínú ohun tí òfin ń pè ní èrè kì í ṣe èrè. Náírà ni ó fúyẹ́. Òfin ọdún 1967 kò ní àyè fún ọ̀wọ́n gógó nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí ó rà ní ọdún kan tí ó tà ní ọdún kejì, ó jèrè gidi, òfin sì bá a ṣe é bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó ṣe sùúrù fún ogún ọdún ni òfin náà rẹ́ jẹ, bẹ́ẹ̀ irú àwọn ẹni wọ̀nyí ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba tí wọ́n ń kọ́lé ní bíríkì kọ̀ọ̀kan.

Kí ni òfin tuntun wá ṣe sí i? Kò sí ìdá 10 nínú 100 kan ṣoṣo mọ́ fún gbogbo ènìyàn. A ó da èrè ilé tí ènìyàn tà pọ̀ mọ́ owó mìíràn tí ó wọlé fún un lọ́dún náà, a ó sì máa ṣírò rẹ̀ ní ìpele ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100. ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀ lé e, ìdá 18. ₦13,000,000 lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 21. ₦25,000,000 lẹ́yìn rẹ̀, ìdá 23. Ohun tí ó bá kọjá ₦50,000,000 lọ, ìdá 25 nínú 100. Ká ní ọdún 2026 ni olùkọ́ wa tà, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦25,000,000 yẹn náà, tí kò ní owó mìíràn tí ń wọlé ju owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ, èyí tí òfin kò gba owó orí lé lórí. Yóò san ₦330,000 ní ìpele kejì, ₦1,620,000 ní ìpele kẹta, àti ₦2,730,000 ní ìpele kẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,680,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Bí rìsíìtì ilé kíkọ́ rẹ̀ bá sì sọnù, ₦9,250,000 tí kò rí ẹ̀rí rẹ̀ yóò bọ́ sínú ìpele ìdá 23, yóò sì tún san ₦2,127,500 lé e. Bí a bá fi èyí wé ₦925,000 ti ìgbà òfin àtijọ́, ó hàn pé ìwé tí ó sọnù ti wá gbówó lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò burú fún gbogbo ènìyàn. Ìyá arúgbó tí ó ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì tí ó sì jèrè ₦600,000, tí kò ní owó mìíràn tí ń wọlé, ìbá san ₦60,000 lábẹ́ òfin àtijọ́; ní ìsinsìnyí, kò jẹ nǹkan kan. Ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ó ṣọ́ra, nítorí pé orí owó oṣù rẹ̀ ni èrè ilé yóò gùn lé, ìpele tí ó ga ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ó kan ni lójú: èrè tí ó gba ọdún mẹ́rìndínlógún kí ó tó kó jọ ni a ń kà sí owó ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rí ohun tí kò tọ́ nínú èyí kò ṣàṣìṣe.

Ilé tí ènìyàn ń gbé fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé tí ó fi ń gbowó. Òfin ọdún 1967 kò gba owó orí lórí èrè tí ènìyàn rí lára ilé tí ó jẹ́ ibùgbé rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó yí i ká, bí kò bá ti ju éékà kan lọ. Òfin tuntun pa àǹfààní yìí mọ́, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn lè jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ta ilé kékeré tí ó ń gbé kí ó lè kó lọ sí èyí tí ó tóbi, kí ó fara balẹ̀ ro ó, bóyá orí èyí ni ó fẹ́ lò ó sí tàbí kí ó fi í pamọ́ de ìgbà tí yóò ta ńlá.

Ẹni tí ó bá ta ilé ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò fi sọ iye tí ó wọlé fún un lọ́dún, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé kí oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí. Ti ilé iṣẹ́ àti kọ́ńpìnì yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni tiwọn ń lọ. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìjà tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì bá tí wáyé. Kí ni ó wá gbé e dé ọrùn ẹni tí ó rà?

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi í dúró gba owó láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Àwọn kan rò pé ti ẹnu lásán ni títí di ọdún 1989, nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ tí ó wà láàárín Savannah Bank àti Ajilo. A ti fi ilé dúró gba owó ní báńkì. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà nítorí pé a kò rí owó rẹ̀ san, ẹni tí ó ni ilé sọ pé kò sí ìyọ̀ǹda gómìnà nínú ìwé tí wọ́n jọ ṣe, nítorí náà ìwé náà kì í ṣe ìwé. Ilé ẹjọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ojú gbogbo ẹni tí ń ra ilé ti là. Ẹni tí ó tà ti gba owó rẹ̀, kò nílò òǹtẹ̀ kankan mọ́. Ẹni tí ó rà ni kò lè sùn bí ìwé rẹ̀ kò bá tí ì gba ìyọ̀ǹda. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́fíìsì ilẹ̀ kò ti ní í fi òǹtẹ̀ lu ìwé láìrí rìsíìtì owó orí, òun náà ni yóò san án. Báyìí ni owó orí èrè ẹnì kan ṣe di ẹrù lórí ẹlòmíràn tí kò jẹ nínú èrè náà.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣètò pé kí gbogbo owó tí a ń san kí a tó gba ìyọ̀ǹda jẹ́ ìdá 3 nínú 100 iye tí ilé tó lójú ìjọba. Nínú ìdá mẹ́ta yìí, ìdá kan àti ààbọ̀ jẹ́ ti ìyọ̀ǹda, ààbọ̀ ìdá jẹ́ ti òǹtẹ̀, ààbọ̀ ìdá jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀, ààbọ̀ ìdá tí ó kù ni wọ́n sì pè ní owó orí èrè. Ètò yìí rọrùn, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti lọ ṣe ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú òye wò ó yóò rí i pé orúkọ kò bá ohun tí a ń pè mu. Iye ilé ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí, kì í ṣe èrè. Ẹni tí ó tà tí ó pàdánù, a san án lórí ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó jèrè ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ààbọ̀ ìdá kan náà ni. Ẹni tí ó rà ni ó sì sábà máa ń san án.

Ohun tí ó lè pẹ̀tù sí ìjà yìí kò ju gbólóhùn kan lọ nínú ìwé àdéhùn, èyí tí agbẹjọ́rò yóò ti kọ kí owó tó pààrọ̀ ọwọ́: pé ẹni tí ó ń tà ni yóò san owó orí èrè, pé ẹni tí ó ń rà yóò san ti ìyọ̀ǹda, ti òǹtẹ̀ àti ti ìforúkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ẹni tí ó ń rà san gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí òun náà lè fi iye náà dúnàá-dúrà. Ohun tí kò dára ni kí gbogbo wọn dákẹ́.

Àrékérekè kan wà tí àwọn mìíràn kà sí ọgbọ́n. Wọn yóò ta ilé ní ₦40,000,000, wọn yóò kọ ₦15,000,000 sínú ìwé, kí èrè lè kéré lójú ìjọba. Lọ́nà kìn-ín-ní, ìjọba ní adíyelé tirẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a kọ nìkan ni ó ń tẹ̀ lé. Lọ́nà kejì, ẹni tí ó rà á ni wọ́n ta lófò jù, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ tà á ní ₦60,000,000, ₦15,000,000 ni ìwé yóò sọ pé ó rà á. ₦20,000,000 tí ó jèrè gan-an yóò di ₦45,000,000 lójú òfin, kò sì ní lè sọ pé irọ́ ni ohun tí òun fọwọ́ sí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, tí wọ́n padà wálé tí wọ́n sì fi ilé sílẹ̀ níbẹ̀ fún ayálégbé, ní òfin tiwọn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí èrè ilé gbígbé tí ẹni tí kò gbé ilẹ̀ wọn bá tà. Iye tí ilé náà tó ní àkókò yẹn ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibẹ̀, ìdá 18 tàbí ìdá 24 nínú 100 èrè ni wọ́n sì ń gbà. Ọdún tí ènìyàn fi gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀ yóò dín in kù, a ó sì ka oṣù mẹ́sàn-án tí ó kẹ́yìn mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ó ń mú ọ̀pọ̀ ní ọ̀bọ́ ni ọjọ́: láàárín 60 ọjọ́ tí ilé bá ti di ti ẹni tí ó rà ni ẹni tí kò gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn agbowó-orí létí, ìbáà ṣe pé kò jẹ kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ń retí ìgbà tí wọn yóò kọ lẹ́tà sí òun, owó ìtanràn ni lẹ́tà náà yóò gbé dé.

Ilé ẹbí ni ó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní bàbá kọ́lé sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1958, ó sì papò dà, ó fi ilé náà sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́sàn-án láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́ta. Ikú kì í ṣe ọjà; òfin kò gba owó orí èrè nítorí pé ilé bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pín in láàárín ara wọn, ìbáà jẹ́ ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, ìyẹn náà kì í ṣe títà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tà á fún ará ìta ni ọ̀rọ̀ dé. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbà ẹbí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i; èyí tí a bá tà láìsí olórí ẹbí, asán ni. Èyí yé gbogbo ènìyàn. Ohun tí kò yé wọn ni iye tí bàbá ná. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà dé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Bí bàbá bá fi £1,500 kọ́ ilé náà, ₦3,000 ni ìyẹn nínú owó tí à ń ná lónìí, kò sì tó owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan. Ibi tí ó tọ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí agbẹjọ́rò àti adíyelé gbọ́dọ̀ jókòó lé lórí kí ẹbí tó dá ọjọ́ títà rárá. Bí ẹbí kan bá sì ní ọgbọ́n láti pe adíyelé wá díye lé ilé ní ìgbà tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìwé rẹ̀ lè wúlò gan-an ní ọjọ́ náà.

Bí ó ti sábà máa ń rí ni pé ọjọ́ tí owó dé ni wọn yóò pín in. Ọmọ tí ó wà ní Kánádà ti fi nọ́ńbà báńkì rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí ó wà nílé ti jẹ gbèsè sílẹ̀ de owó náà. Nígbà tí ìwé owó orí bá dé, orúkọ olórí ẹbí ni ó wà lórí rẹ̀, olórí ẹbí sì lè jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò gbà ju ìpín ẹnì kan lọ nínú mẹ́sàn-án. Nítorí rẹ̀ ni ó fi yẹ kí àwọn ọmọ gbà, kí olùrà tó kó owó kalẹ̀, pé kí agbẹjọ́rò ẹbí di iye tí adíyelé bá pè ní owó orí mú sí báńkì, kí a sì pín ìyókù. Bí rìsíìtì ìjọba bá wá dé, tí ó sì kéré sí ohun tí agbẹjọ́rò dì mú, wọ́n lè tún pàdé ní ilé bàbá ẹlòmíràn láti pín èyí tí ó ṣẹ́kù, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ta tiwọn.